Alumni Kan Ṣoṣo

Níbi òde tí mo lọ ní Sátidé, ọkùnrin kan kọjá níwájú mi. Òun nìkan ni. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló dá mi dúró: "I AM A PROUD ALUMNI." Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti jáde nílé ìwé kan là ń pè ní alumni, kì í ṣe ẹnì kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní bóyá àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Ẹ bá mi kí i o! Ẹnì kan ṣoṣo, ó ti di èrò. Alumni jókòó sórí àga kan. Alumni jẹ ìrẹsì. Alumni dìde, ó lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé, alumni tún padà wá jókòó. Díẹ̀ ló kù kí n ní kí wọ́n bu abọ́ mẹ́ta sí i, kí wọ́n má baà jà sí ẹran. Mo tún rò ó pé Yorùbá ṣáà ni wá, "wọ́n" la fi ń pe àgbà, àfàìmọ̀ kó jẹ́ ọ̀wọ̀ ló ń bù fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní ń kí ara rẹ̀ pé ẹ káàárọ̀?

Ọ̀rọ̀ Látìnì ni, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin kan, alumnus. Obìnrin kan, alumna. Tí obìnrin bá pọ̀, alumnae. Ẹni tó bá dá dúró kì í ṣe alumni! Inú alere ló ti jáde, ìyẹn ni kéèyàn bọ́ ọmọ. Ọmọ àgbàtọ́ ni àwọn ará Róòmù ń pè ní alumnus.

Bíbọ́ kẹ̀! Ta ló bọ́ wa nílé ìwé tèmi? Ẹ̀wà tí kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀wà lọ? Gàrí tí ìyá mi dì fún mi ni mo fi lo ọdún márùn-ún. Àwa ń rù, ọ̀gá ilé ìdáná ń sanra. Tó bá jẹ́ ti ìtumọ̀ ni, òun nìkan ni alumnus ibẹ̀.

Kí ló tilẹ̀ ń ṣe yín gan-an? "Old boy" ni bàbá mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ara wọn, ó sì tó wọn. Ẹ̀yin ò lè wo ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n ẹ rówó tẹ àṣìṣe sẹ́yìn aṣọ!

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí sínú gúrúùpù WhatsApp àwa tá a jáde nílé ìwé wa. Alága yọ mí kúrò. Ọ̀rẹ́ mi tó ṣẹ́kù síbẹ̀ fi ohun tí alága kọ hàn mí: "Ọkùnrin yẹn kì í ṣe alumni mọ́."

Owó ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ti san ńkọ́? Wọn ò dá a padà.