Ọwọ́ Ọ̀tún Nìkan Kì í Tọ́ Ọmọ

Ó ti di àṣà báyìí pé bí ìròyìn bá ti jáde pé ọmọ ọdún 12 tàbí 14 gún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́bẹ pa, kí òkú tó tutù ni àwọn ènìyàn á ti máa pariwo pé kí ilé ẹjọ́ fi ìyà àgbàlagbà jẹ ẹ́, nítorí pé ẹni tó lè pànìyàn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Ara ẹnì kan náà ni ọwọ́ méjèèjì wà.

N kò sọ pé kí a má na án. Ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ kò bi wá pé ọmọ ọdún mélòó ni apànìyàn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òfin tó ní ọmọ ọdún 14 kò tíì gbọ́n tó ẹni tí í dìbò tàbí tí í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ni a fẹ́ kó sọ ọ́ di àgbà lọ́jọ́ tó bá ṣebi.

Ẹ wo ìlú Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1993. Wọ́n gbé ọmọkùnrin méjì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tí wọ́n jí ọmọ ọdún 2 gbé tí wọ́n sì pa á, lọ sí ilé ẹjọ́ àwọn àgbà. Wọ́n kéré débi pé ńṣe ni wọ́n gbé ilẹ̀ ibi tí olùjẹ́jọ́ ń jókòó sí ga kí wọ́n lè rí ohun tó ń lọ nínú ilé ẹjọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n lo ọdún 8 ó kéré tán; ariwo ìlú pọ̀, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sọ ọ́ di 15, kí ilé ẹjọ́ tó fagi lé tirẹ̀ lọ́dún 1997. Lọ́dún 1999, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní ìgbẹ́jọ́ náà kò tọ́, àti pé ilẹ̀ tí wọ́n gbé ga yẹn wulẹ̀ fi wọ́n hàn fún ojú gbogbo ayé ni. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ lọ́dún 2001. Ọ̀kan tún padà sẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí, kó má gbàgbé èkejì.

Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 1989 ka ikú àti ẹ̀wọ̀n gbére tí kò ní ìtúsílẹ̀ léèwọ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 bá dá. Amẹ́ríkà tí kò sọ àdéhùn náà di òfin pàápàá fòpin sí ti ikú lọ́dún 2005.

Ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè okùn lónìí, níbo lẹ wà nígbà tí olùkọ́ mú ẹjọ́ ọmọ náà wá sílé, tí bàbá gbéjà ko olùkọ́, tí ìyá sì búra pé ọmọ òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹnì kan rí ọ̀bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó dá a padà sí ilé ìdáná, kò sì bi í ní ìbéèrè kan. Adájọ́ wá ni kó fi àáké gé ohun tí ẹ̀yin kò fi àdá kàn, bẹ́ẹ̀ ẹ kò sì ní yọjú sí ọmọ náà lẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.