Ta ló ní pòròpórò àgbàdo ò lówó lórí?

Mo tún rí fídíò yẹn lónìí, èyí tí wọ́n ti ń sọ pé ká ṣáà máa fi koríko àti pòròpórò àgbàdo ṣe epo ọkọ̀, pé ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn elépo rọ̀bì ni ò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó máa ń bí mi nínú gan-an. Ọ̀fẹ́ níbo?

Ní 2007 Amẹ́ríkà ṣòfin pé tó bá fi máa di 2022, irú epo bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù 16 gálọ́ọ̀nù lọ́dún. Wọn ò tiẹ̀ súnmọ́ ọn.

Ẹ wo ti DuPont, àwọn oníkẹ́míkà Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Iowa. 2015 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ máa fi pòròpórò ṣe epo níbẹ̀, wọ́n ní mílíọ̀nù 30 gálọ́ọ̀nù ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń lò bí epo ọkọ̀, láwọn máa ṣe lọ́dún, oko àgbàdo ló sì yí wọn ká, ẹ ò lè sọ pé pòròpórò wọ́n wọn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kórè àgbàdo, ojoojúmọ́ sì ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n bá rí kó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n máa lò títí di ìkórè míì, ká dì í, ká tò ó jọ, kójò má pa á kó bu, kíná má ràn án, ká tún wá fi tírélà kó nǹkan tó fúyẹ́ tó sì ń gba àyè bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì sọ ti iyanrìn tó ń bá a wá látoko tó ń jẹ irin ẹ̀rọ o. Nígbà tó fi máa di 2017 wọ́n láwọn ò ṣe mọ́.

Àgbẹ̀ tó sì fi pòròpórò sílẹ̀ lóko, kì í ṣe pé ó ń fi ṣòfò, òun ló ń bo ilẹ̀ kí ọ̀gbàrá má wọ́ ọ lọ, òun ló ń jẹrà di ọ̀rá ilẹ̀. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ tán, ajílẹ̀ lẹ máa rà dípò ẹ̀, gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe púpọ̀ nínú ajílẹ̀ yẹn! Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní ká kúkú dá oko sílẹ̀ fún epo nìkan, ẹ lọ wo ohun tí oko ọ̀pẹ fi ojú igbó àbàtà Indonéṣíà rí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú báyìí ni pé Verbio, àwọn ará Jámánì, ti ra ilé iṣẹ́ Iowa yẹn, gáàsì ni wọ́n ń fi pòròpórò ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ń dá èyí tó ṣẹ́ kù padà sóko. Bóyá ethanol ni wàhálà nígbà yẹn, kì í ṣe pòròpórò. Ọkọ̀ òfurufú tó ń sọdá òkun náà ńkọ́? Bátìrì ò tíì lè gbé e, epo olómi ló ṣì máa lò, ibi tí pòròpórò tó máa tó o ti máa wá láìpa ilẹ̀ lára ló ń dà mí láàmú.