Oògùn Ẹ̀fọn: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Kí Agbára Rẹ̀ Tó Tán

Oògùn kòkòrò tí à ń fọ́n sí òwú ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin wa, kì í dúró sórí ewé. Òjò a máa gbá a lọ sínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹ̀fọn ń yé sí. Ìdílé pyrethroid ni púpọ̀ nínú oògùn náà ti wá, ìdílé yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń rẹ àwọ̀n tí ìjọba ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta.

Bí oògùn kò bá wá pa ẹ̀fọn mọ́, kì í ṣe pé ẹ̀fọn kọ́ ọgbọ́n kankan. Ọ̀kan ni wọ́n bí tí jíìnì rẹ̀, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, yí padà díẹ̀, tí oògùn kò ràn án. Àwọn yòókù kú, òun ń bí sí i. Ní 1927, J.B.S. Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò pé bí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ bá fi ìdá 5 nínú 100 ṣàǹfààní, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 péré ló ṣeé ṣe kó fi gbilẹ̀. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn pọ̀ bí yanrìn, ìyípadà tó bá parun lónìí á tún yọ lọ́la, àwa fúnra wa la sì ń fi oògùn sọ àǹfààní kékeré di ńlá.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi ní Benin níbí, tó jáde ní 2023, dùn mọ́ wa nínú gan-an: àwọ̀n tí wọ́n fi chlorfenapyr, oògùn ìdílé mìíràn, kún pyrethroid dín ìbà àwọn ọmọdé kù ní ìdá 46 nínú 100 láàárín ọdún méjì, ju àwọ̀n pyrethroid lásán lọ. Àmọ́ chlorfenapyr, oògùn oko ni òun náà. Bó bá fi lè dé oko òwú wa, a ti mọ ibi tó ń lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á láyè lóko títí ìṣirò yóò fi jáde. Kí iléeṣẹ́ ìlera àti ti iṣẹ́ ọ̀gbìn jókòó pọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò IMSP, iléèwé gíga ìṣirò àti físíìsì, wà ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́ níbí. Kí wọ́n bi wọ́n léèrè ọdún mélòó ni oògùn yóò fi ṣiṣẹ́ bí a bá ń lo ọ̀kan ṣoṣo, bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀, tàbí bí a bá fi oko díẹ̀ sílẹ̀ láìfọ́n nǹkan sí.

Wọ́n ní ìṣirò lè ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀fọn tí wọ́n ń mú lọ́dọọdún yẹ̀ ẹ́ wò. Kí èsì rẹ̀ sì jáde ní Yorùbá àti Gùn lórí rédíò, kí wọ́n tó tún pín àwọ̀n mìíràn.