Ẹ má pè é nídán o

Inú ń bí mi látàárọ̀. Mo fi fídíò okùn rọ́bà kan han bọ̀ọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n ṣe ń fà á ló ń kúrò ní pupa, ó bọ́ sí àwọ̀ ewé, ó di búlúù. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní òyìnbó ò níṣẹ́ ṣe. Mi ò lè dá wọn lóhùn torí ẹsẹ̀ màámi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹni tó bá ti tọ́jú egbò ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí ò jinná á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Wọ́n máa ń wé báńdéèjì tó ń fà mọ́ ọn kó lè máa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tó bá dẹ̀ jù kò ṣiṣẹ́, tó bá fún jù ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọmọ ìka. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ èyí tó ṣe déédéé? Nọ́ọ̀sì tó wé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè fà á gan-an, màámi sọ fún un pé ó ń dun àwọn o, ó ní kí wọ́n fara dà á. Nígbà tó dalẹ́ ẹkún ni wọ́n ń sun, mo tú u, ojú ibẹ̀ ti jìn wọnú bí ìgbà tí wọ́n fi okùn di ẹrù, ìka ẹsẹ̀ wọn tutù bí omi àmù.

Nǹkan tí okùn yẹn wà fún nìyẹn! Ara èso igi kan lápá Gúúsù Amẹ́ríkà, Margaritaria nobilis, ni wọ́n ti kọ́ ọ. Èso yẹn ń dán búlúù, kì í sì í ṣe aró, bí ara ẹ̀ ṣe tò ní ìpele ìpele ni. Ṣé ẹ mọ bí bẹntiróòlù tó kán sójú omi òjò ṣe máa ń ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó kùn ún? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n wá ká rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ká ẹní, téèyàn bá fà á ìpele ẹ̀ á tín-ín-rín sí i, àwọ̀ á yí. Lọ́dún 2018 àwọn ará MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, rán an mọ́ báńdéèjì, àwọ̀ ẹ̀ ló ń sọ bó ṣe fún tó. Èmi tí mi ò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an á rí i pé èyí ti kọjá ààlà.

Èyí tí mò ń rà fún wọn ní kẹ́míìsì ṣì ni aláwọ̀ ara yẹn, kò sọ nǹkan kan fún èèyàn. Mo fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa, mo fẹ́ ẹ gan-an. Àmọ́ màámi fẹnu ara wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì ò gbọ́. Ṣé àwọ̀ ni wọ́n máa wá gbọ́ tiẹ̀?