Àtúnṣe: Ojú tó yẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí irọ́

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ẹni tó bá ń purọ́ kò ní lè wojú ẹ, pé tó bá gbójú sókè sápá ọ̀tún, irọ́ ló ń hun. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, Richard Wiseman, Caroline Watt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ya fídíò àwọn tó ń purọ́ àtàwọn tó ń sòótọ́, wọ́n wo ibi tí ojú kálukú ń yí sí. Kò síyàtọ̀. Ní 2006, Charles Bond àti Bella DePaulo kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ: tá a bá ní ká mọ òpùrọ́ lójú lásán, nínú 100, nǹkan bí 54 là ń gbà. Ẹni tó kàn ń méfò á gba 50!

Kí ló wá dé tá a fi ń fojú ẹni ṣèdájọ́? Ọpọlọ kì í dúró gbàṣẹ ni. Kí ojú ẹnì kejì yí sẹ́nu ọ̀nà báyìí, tìẹ ti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi wobẹ̀, àfi ká fara balẹ̀ rò ó: ṣé àlejò ló ń retí ni, àbí ó fẹ́ sá?

Àwa Yorùbá ló tiẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ fura. Ọmọ tá a rán ní gaàrí, tá à ń bi ní ṣéńjì, tó tẹjú mọ́lẹ̀, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ walẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé ló ń lò. Tó bá ranjú, a óò ní, “Ṣémi lò ń wò báyẹn?” Ẹ lọ bi oní-gaàrí ní ti ṣéńjì.