Ihò nìkan kọ́ ló ń ba bíìmù jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ pé páìpù ò gbọdọ̀ gba inú bíìmù ìpìlẹ̀, kọnkéré onírin gbọọrọ tó ń gbé ògiri, kọjá láéláé? Wọ́n á ní tí ihò bá ti lè wọ bíìmù pẹ́nrẹ́n, ilé ti fẹ́ wó nìyẹn. Irọ́ ni jàre. Ibi tí ihò yẹn wà, bó ṣe tóbi tó, àti ìgbà tí wọ́n dá a, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Tí ẹrù bá wọ bíìmù lọ́rùn, òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló ń jìyà jù, ọ̀kan ń fún pọ̀, èkejì ń nà, àárín ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Torí ẹ̀, ihò roboto tó wà ní agbedeméjì òkè àti ìsàlẹ̀, tó dábùú bíìmù, tó sì jìnnà sí òpó, ẹnjiníà lè fọwọ́ sí i. Ìtòsí òpó ni kẹ́ ẹ sá fún. Kódà ìwé òfin kọnkéré Amẹ́ríkà, ACI 318 ti 2011, gbà kí páìpù gba inú bíìmù kọjá, kó ṣáà má dín agbára ẹ̀ kù púpọ̀.

Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ gan-an ni kí wọ́n gbàgbé páìpù títí bíìmù fi gan, kí pọ́ḿbà wá gbé òòlù àti ṣísẹ́lì dé, kó máa fọ́ ọ lọ, nígbà tó bá kan irin á gé e, wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó dán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Irin ti gé nínú o!

Àwọn míì tún ní kí kọnkéré há páìpù mọ́ pinpin. Ilé máa ń rì díẹ̀ o, etí bíìmù yẹn gan-an ni páìpù ti máa ṣẹ́. Kí wọ́n tó da kọnkéré ni kí wọ́n ti gé páìpù tó tóbi jù ú lọ sínú pákó tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí, bíi ínṣì 6 fún páìpù ínṣì 4, kí wọ́n so ó mọ́ irin, kí wọ́n fi nylon dí ẹnu ẹ̀ méjèèjì. Inú ẹ̀ ni páìpù gidi máa wá gbà kọjá. Àlàfo tó bá kù láàárín méjèèjì, nǹkan tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi dí i, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Páìpù ìdọ̀tí sì gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀, bíi milimítà 25 fún mítà kan, nítorí náà tó bá gba bíìmù méjì kọjá, gíga ihò kejì ò lè bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba.

Tí wọ́n bá ti da bíìmù tán láìfi ihò sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí páìpù gba orí ẹ̀ kọjá, tàbí kẹ́ ẹ pe ẹnjiníà kó fi ẹ̀rọ wá ibi tí irin wà ná, kí wọ́n tó lù ú.