Kí àwọn ọ̀rẹ́ bá a ṣọ́ ọ̀nà, àbí?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sátidé tó kọjá ni mo tún ti gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, ó sì fẹ́ wakọ̀ lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní, "Kó má dá lọ o. Kó gbé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta yìí dání, wọ́n á máa bá a ṣọ́ ọ̀nà." Gbogbo ìdí tábìlì ń mi orí bí aláǹgbá.

Ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ ṣọ́? Ní 2012, AAA Foundation, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò ojú pópó níbí ní Amẹ́ríkà, ṣírò ewu ikú fún awakọ̀ ọmọ ọdún 16 àti 17. Bí ẹyọ èrò kan tí kò tíì pé ọdún 21 bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí kò sí àgbà nínú ọkọ̀, ewu náà fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó dá wà lọ, ní máìlì kan náà. Bí wọ́n bá di méjì, ó di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá tó mẹ́ta, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Iye tí ẹ̀gbọ́n mi ní kó gbé gan-an nìyẹn! Ṣùgbọ́n bí ẹni ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá jókòó sínú ọkọ̀, ewu yẹn á fi ìdá 62 dín kù.

Abájọ tí òfin Maryland tí à ń gbé fi ní kí ẹni tí kò tíì pé 18 má gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ 151 àkọ́kọ́, àfi ọmọ ilé rẹ̀.

Ọmọ ilé náà ń kọ́? Mo fi wákàtí 60 tí òfin ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi wakọ̀ pẹ̀lú àgbà jókòó ti ọmọbìnrin mi. Nírọ̀lẹ́ kan tí òjò ń rọ̀, àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọmọbìnrin mi wò ó nínú dígí. Iná ọkọ̀ tó wà níwájú ti pọ́n. Ẹsẹ̀ mi ń wá bíréèkì ní ẹ̀gbẹ́ tí kò sí.

Èmi náà jí kọ́kọ́rọ́ Pijó 504 bàbá mi rí n'Íbàdàn, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 17. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń yí rédíò sókè, èkejì ń pariwo, "Kọjá ẹ̀ jàre!" Mo fẹ́ kọjá, mo gbé táyà ọ̀tún sínú gọ́tà níwájú alágbàdo kan. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, àwọn tó ń bá mi ṣọ́ ọ̀nà ti sá.

Mo gbà, ẹni tó dá wà náà lè máa wo fóònù.

Ọmọ mi dá lọ, ó dá bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú sí mi.